Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́gbẹ́ Ń Bọ̀ Wá Gbá Béésíbọ́ọ̀lù ní Pápá Wa

Ọ̀rọ̀ kan náà ló kún inú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí: ìdíje béésíbọ́ọ̀lù ọmọdé ti agbègbè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ yín, àlejò ń bọ̀, ẹ sì fẹ́ mọ bí ẹ ṣe máa gbà wọ́n. Níbi tí a bá ti mẹ́nu ba òfin Little League, àjọ béésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ẹ̀ka àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ la ní lọ́kàn. Bí ìdíje tiyín bá wà lábẹ́ àjọ míì, ìwé òfin àjọ yẹn ni kí ẹ dì mú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló máa kópa, pápá kan ṣoṣo la sì ní. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ṣé lóòótọ́ ni?
— Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdíje

Ìdáhùn: Kò tó. Ẹ jẹ́ ká kà á. Tí ẹ bá pín ẹgbẹ́ mẹ́jọ sí ìsọ̀rí méjì, tí ẹgbẹ́ mẹ́rin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn sì bá ara wọn gbá, eré 6 ló wà nínú ìsọ̀rí kan, 12 nínú méjèèjì. Ẹ fi eré méjì tó ṣáájú àṣekágbá kún un, àti àṣekágbá fúnra rẹ̀, ó di 15. Eré oní-inning mẹ́fà (inning kan ni ìpín eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e kí ẹ lè tún pápá ṣe, kí àwọn tó kàn sì lè na ara. Aago 8:00, 10:30, 1:00 àti 3:30: eré mẹ́rin ni pápá kan lè gbà lójúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ mẹ́ta á parí eré ìsọ̀rí nìkan. Ọjọ́ kẹrin ni ti eré méjì tó kàn, ọjọ́ karùn-ún ni ti àṣekágbá. Tí òjò bá gba eré kan lọ́wọ́ yín, ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ṣì ní àyè tí ẹ lè fi í sí.

Kíka eré rọrùn. Apá àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń gbàgbé. Nínú òfin Little League, ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí alugi (ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) ju 85 lọ lójúmọ́, ti ọmọ ọdún 9 sí 10 sì jẹ́ 75. Iye tó bá jù ló ń sọ ọjọ́ tó máa fi sinmi: 20 sísàlẹ̀ kò nílò ìsinmi, 21 sí 35 gba ọjọ́ kan, 36 sí 50 gba ọjọ́ méjì, 51 sí 65 gba mẹ́ta, 66 sókè gba mẹ́rin. Ọmọ tó bá ju 70 lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò lè padà sórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù títí di Sátidé. Nínú ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún, ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kó pitcher (ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù sí alugi) mẹ́ta péré wá á ti tán lágbára kó tó kan eré tó ṣáájú àṣekágbá. Nítorí náà, ẹ fi ìlànà eré ránṣẹ́ sí àwọn àlejò ní oṣù kan, ó kéré tán, ṣáájú ìdíje, kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá lè ṣírò ẹni tó máa jù lọ́jọ́ wo.

Bí ẹ bá ń to eré, ẹ má fún ẹgbẹ́ kankan ní eré aago 3:30 lónìí kí ẹ tún jí i fún ti aago 8:00 lọ́la. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan gbá eré àárọ̀ kùtù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ mẹ́ta tí ìsọ̀rí gbà, ó ṣeé ṣe. Ohun tó burú jù tí onílé máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi aago 3:30 pamọ́ fún ọmọ tiwọn lójoojúmọ́, kí èrò lè ráyè wá wòran lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ọmọ onílé á sùn dáadáa, àlejò tó sùn níbi tí kò mọ́ ọn lára ló máa jí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òfin tó kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ta ló yẹ kó máa ka bọ́ọ̀lù tí pitcher ń jù? Lẹ́yìn eré kan, ìwé tiwa ní 63, tiwọn ní 68.
— Olùkọ́ àwọn ọmọdé

Ìdáhùn: Ẹ̀yin onílé ni kí ẹ yan ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, tí kò ní iṣẹ́ míì lọ́wọ́. Kó má jẹ́ akọ̀wé ayò, torí ẹni tó ń kọ ayò á máa sọ bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì nù nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sáré lórí béèsì. Bí ààbọ̀ inning kọ̀ọ̀kan bá ti parí, kí ó bá akọ̀wé ẹgbẹ́ méjèèjì fi iye wéra. Bí wọn kò bá bára mu, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ yanjú rẹ̀ kí alugi tó kàn tó dúró. Lẹ́yìn eré, kò sẹ́ni tó lè rántí mọ́. Ìyàtọ̀ 63 àti 68 yẹn kì í ṣe kékeré: ọjọ́ mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni ti ìkejì.

Kí ẹni tó ń kà mọ ohun méjì sí i. Bí iye bọ́ọ̀lù tí a gbà fún ọmọ láti jù bá pé nígbà tí alugi kan ṣì dúró, a gbà á láyè láti jù fún alugi yẹn títí tó fi máa parí. Ọmọ tó bá sì ti ṣe catcher (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn alugi) fún inning mẹ́rin kò lè ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà mọ́, torí jíjókòó sórí orúnkún àti dídá bọ́ọ̀lù padà ti fa apá rẹ̀ gbẹ.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fún wa ní àpò láìmù tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, pé ká fi fa ìlà pápá. Ṣé ó dára? Wíwọ̀n wo sì ni àwọn àlejò máa wá yẹ̀ wò?
— Olùtọ́jú pápá

Ìdáhùn: Ẹ dá láìmù yẹn padà. Tí láìmù ìkọ́lé bá pàdé omi tàbí òógùn, ó ń jó awọ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń yọ̀ dé béèsì. Ẹfun lílọ̀ kúnná ni kí ẹ lò, ìyẹn kálísíọ̀mù kábónéètì, tàbí ọ̀dà olómi tí wọ́n ṣe fún pápá.

Wíwọ̀n: béèsì sí béèsì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn mítà 18.29. Láti ṣóńṣó ẹ̀yìn home plate (béèsì tí alugi ń dúró sí) dé etí iwájú rọ́bà orí òkìtì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 46, mítà 14.02. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà máa ń lo pápá ńlá: mítà 27.43 àti mítà 18.44. Ẹ má fi wíwọ̀n ẹ̀gbẹ́ nìkan tẹ́ ara yín lọ́rùn, torí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pé kí pápá ṣì wọ́. Láti ṣóńṣó home plate dé àárín béèsì kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 25.86 lórí pápá kékeré, mítà 38.80 lórí pápá ńlá. Ẹ lo téèpù irin, torí èyí tó jẹ́ aṣọ máa ń fà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: béèsì kìíní àti ìkẹta wà nínú ìlà pátápátá, àárín béèsì kejì ló sì máa ń bọ́ sórí àmì wíwọ̀n. Ẹni tó bá tò wọ́n bákan náà á rí i pé ọ̀nà ti gùn níbì kan.

Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, ihò tí ẹsẹ̀ pitcher gbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ gbá erùpẹ̀ gbígbẹ kúrò nínú rẹ̀, ẹ rin ín, ẹ fi amọ̀ tútù dí i, ẹ gún un kó le. Tí ẹ bá kàn da iyanrìn sí i, ọmọ tó kàn á fi kókósẹ̀ rọ́. Bí ẹ bá ń wọ́ ilẹ̀ pápá kó tẹ́jú, ẹ dúró ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí koríko; bí erùpẹ̀ bá ń wọ inú koríko lójoojúmọ́, etí ibẹ̀ á ga bí ẹnu ọ̀nà, bọ́ọ̀lù tó bá kọlù ú á sì ta sí ọmọ lójú. Omi òjò ńkọ́? Ẹ má fi ìgbálẹ̀ tì í sínú koríko, amọ̀ dáadáa ló ń bá a lọ. Ẹ fi kànrìnkàn tàbí ẹ̀rọ fà á, kí ẹ tó wá wọ́n amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń gbẹ pápá sórí ibi tó kù.

Ìbéèrè: Àrá ń sán lókèèrè, òjò kò tíì rọ̀. Umpire (adájọ́ eré) àlejò dá eré dúró, inú àwọn òbí ò dùn. Ta ló jàre?
— Òbí kan

Ìdáhùn: Umpire ló jàre. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, mọ̀nàmáná lè dé ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ wọ ilé tàbí ọkọ̀ tó ní òrùlé irin. Dugout (ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí létí pápá) kì í ṣe ibi ìsádi, abẹ́ igi kò sì yẹ rárá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn ni ẹ tó lè padà. Bí òmíràn bá sán ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gbọ̀n, ẹ tún kíkà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Onílé ni kó sọ fún àlejò láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ilé tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa sá sí.

Ìbéèrè: Ṣé ó yẹ ká máa yẹ ìwé ọjọ́ ìbí àwọn àlejò wò? Ojú ń tì wá.
— Alága ẹgbẹ́

Ìdáhùn: Ẹ má tijú. Ní 2011, ẹgbẹ́ kan láti Uganda yege láti lọ sí Little League World Series ní Williamsport, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò fún wọn ní físà torí pé ìwé ọjọ́ orí àwọn kan kò bára mu. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ Uganda míì tó dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti borí lórí pápá ló ń jìyà àìpé ìwé. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ̀rí ibùgbé tàbí ilé ìwé, àti ìwé tí òbí fọwọ́ sí pé kí dókítà tọ́jú ọmọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ yẹ ti ẹgbẹ́ tiyín wò lójú wọn.

Ìbéèrè: Ilé ara wa la fẹ́ fi àwọn ọmọ wọ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún?
— Ìyá agbábọ́ọ̀lù

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, ìyá wa, torí ibí ni ìṣọ́ra ti gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ẹ má fi ọmọ kan ṣoṣo sílé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n jẹ́ méjì, ó kéré tán, láti ẹgbẹ́ kan náà. Kí àgbàlagbà méjì máa gbé ilé náà, kí ẹ sì ti ṣe ìwádìí gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ kí ọmọ tó dé. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tó ṣeé tì, ẹnì kan nínú ilé tó gbọ́ èdè wọn. Kí àgbàlagbà kan má dá gbé ọmọ kan nínú ọkọ̀. Ẹ má gbé fọ́tò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí gbà.

Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ onílé, èkejì lọ́dọ̀ alákòóso ẹgbẹ́: nọ́ńbà òbí, oògùn àti àsìkò rẹ̀, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò gbà, oúnjẹ tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá pe ilé kọ̀ọ̀kan láago mẹ́sàn-án alẹ́. Tí ẹ bá nílò ilé mẹ́wàá, ẹ wá méjìlá, torí ẹnì kan á yẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Aṣọ funfun tó kún fún amọ̀: ẹ jẹ́ kí amọ̀ gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ. Omi gbígbóná máa ń mú àbàwọ́n wọra, omi bílíìṣì sì ń sọ amọ̀ pupa di àwọ̀ ìpẹtà. Alẹ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Aṣọ tí ẹ bá fọ̀ láàárọ̀, tútù lọmọ máa wọ̀ ọ́ lọ sí pápá.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ méjì dọ́gba nínú ìsọ̀rí wa, wọn ò sì bá ara wọn gbá torí òjò. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ṣáájú?
— Akọ̀wé ayò

Ìdáhùn: Ẹ fi ayò tí alátakò jẹ lára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pín sí iye inning tó fi ṣọ́ pápá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ ayò 9 lára rẹ̀ ní inning 17 ní 0.529. Èyí tí wọ́n jẹ 8 lára rẹ̀ ní inning 14 ní 0.571. Ẹni tí iye rẹ̀ kéré ló ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jẹ ayò tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Nítorí náà, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ìdá mẹ́ta inning sílẹ̀: bí eré bá dúró lẹ́yìn tí ẹnì kan ti jáde kúrò nínú eré (out) ní inning kẹfà, inning 5 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ẹ fún gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìlànà yìí lórí ìwé kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀lù mélòó, omi mélòó?
— Atọ́jú ohun èlò

Ìdáhùn: Bọ́ọ̀lù tuntun 12 fún eré kan, eré 15 jẹ́ 180. Ẹ fi 36 pamọ́ fún òjò, torí bọ́ọ̀lù tó bá mu omi ti wúwo ju gíráàmù 142 sí 149 tó yẹ kó jẹ́, ó sì ń fa apá. Ọmọ 14 àti àgbà mẹ́ta nínú dugout kan á mu bíi lítà kan ààbọ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lákòókò ooru, ìyẹn lítà 25 ó lé díẹ̀: kúlà onílítà 20 méjì, kí olúkúlùkù sì ní ìgò tirẹ̀. Yìnyín tí ẹ máa fi sí ojú ibi tó bá wú, ẹ kó o sínú kúlà mìíràn tí ẹ kọ orúkọ sí lára, kí ẹnikẹ́ni má baà bù ú mu.