Ọmọ mi fẹ́ fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun: èló ni yóò kù sí i lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́tàdínlógún, Maryland la ń gbé. Defensive end ló ń gbá ní ilé-ìwé gíga rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú àwọn tó ń dènà, yunifásítì mẹ́ta sì ti ń pè é pé àwọn á fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù, pé ìwé lè dúró, torí mílíọ̀nù ni wọ́n ń gbà ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn eléré-ìdárayá ṣírò owó, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó ni irú iṣẹ́ yìí ń gbé, èló ló sì ń dé ọwọ́ ẹni ní tòótọ́?
Abiyamọ kan, Maryland

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìmọ̀ràn àbúrò bàbá rẹ̀. Kò ṣeé tẹ̀ lé, torí òfin NFL fúnra rẹ̀ kò gbà á. Ọmọ kankan kò lè wọ draft, ìyẹn ètò tí ẹgbẹ́ 32 fi ń to ara wọn tẹ̀ léra láti ṣa ọmọ tuntun, àfi tí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn tó kúrò nílé-ìwé gíga. Yunifásítì ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbé lo ọdún mẹ́ta yẹn. Ó fẹ́ o, ó kọ̀ o, yóò jókòó ní kíláàsì. Ohun tó kù ni bóyá yóò mú nǹkan ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo bí ilẹ̀kùn náà ṣe há tó. Tí ìgbaradì bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kó ènìyàn 90 jọ. Kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n gbọ́dọ̀ dín wọn kù sí 53. Tí ẹ bá kó ẹgbẹ́ 32 pọ̀, ó ju ènìyàn 1,100 lọ tí wọ́n lè yọ orúkọ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìràwọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ní yunifásítì tí wọ́n ti wá. Wọ́n máa ń pe díẹ̀ padà sí practice squad, láti máa bá ẹgbẹ́ ṣe ìdánrawò. Ní 2025, owó tó kéré jù níbẹ̀ jẹ́ 13,000 dọ́là lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kó máa lọ nígbàkigbà. Ọmọ tuntun tó bá dúró nínú 53, owó tó kéré jù fún un lọ́dún yẹn jẹ́ 840,000 dọ́là.

Owó gidi ni, n kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ lè gba tó 37 nínú 100 lórí apá òkè rẹ̀, ìpínlẹ̀ tó ń gbé lè gba tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó bá sì ti lọ gbá bọ́ọ̀lù á tún gba owó-orí ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ́jẹ́ǹtì náà lè gba tó 3 nínú 100. Mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé ìdajì ni kí wọ́n fi ṣètò, kí wọ́n gbàgbé ìdajì yòókù.

Ní ti ọdún, iye tí NFLPA, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, sábà máa ń dá ni pé ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ní ìpíndọ́gba. Ọdún kẹta yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ìgbà tí sáà mẹ́ta tí wọ́n kà fún un bá pé ló tó ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì, àti sí ìtọ́jú ìlera fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó bá fi pápá sílẹ̀. Sáà tó bá lò ní practice squad nìkan kò sí nínú rẹ̀.

Mílíọ̀nù tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ní oṣù kẹta 2025, Myles Garrett ti Cleveland Browns, defensive end bíi ti ọmọ yín, gba àdéhùn mílíọ̀nù 160 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 123 ni ẹgbẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé yóò wọlé, bíná ń jó, bíjì ń jà. Èyí tó kù, wọ́n lè lé e kí ó tó dé ibẹ̀. Garrett gan-an, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣà ní 2017 ni. Fún àwọn tí kò tó o, owó tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà máa ń kéré gidigidi sí èyí tí ìwé ìròyìn ń kéde. Iye yẹn ni kí ẹ máa béèrè.

Ẹni tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn òbí wa ni Adéwálé Ògúnléye, tí wọ́n bí ní Brooklyn. Ó ń gbá defensive end fún Indiana University, gbogbo ayé sì rò pé wọ́n máa tètè ṣà á, àfi ìgbà tí orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ ní ọdún tó gbá kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà draft ọdún 2000, wọ́n pe orúkọ ní ipele méjèèje, wọn kò pe tirẹ̀. Miami Dolphins gbà á láìṣà á, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́dún yẹn, ẹsẹ̀ ló ń tọ́jú. Ní 2002, ó mú quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, balẹ̀ kó tó jù ú ní ìgbà 9.5 (ìdajì yẹn ni èyí tí òun àti ẹlòmíràn jọ mú). Ní 2003, ó mú 15, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ nínú gbogbo AFC, ìyẹn ìdajì àwọn ẹgbẹ́ NFL. Ó lọ sí Chicago Bears ní 2004, ó bá wọn dé Super Bowl, àṣekágbá NFL, ti oṣù kejì 2007, Indianapolis Colts sì lù wọ́n 29 sí 17. Houston Texans ló ti gbá kẹ́yìn, ní 2010. Lẹ́yìn náà ó padà sí kíláàsì, ó gba MBA, oyè gíga nínú ìmọ̀ okòwò, ó sì lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú báńkì UBS, níbi tó ti ń rí sí ọ̀rọ̀ owó àwọn eléré-ìdárayá. Nígbà tí mo bá ka ọdún rẹ̀, 2000 ló máa ń mú mi lọ́kàn jù. Ká ní orúnkún yẹn kò san ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ orí náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí n fò ó. Junior Seau gbá linebacker, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú àwọn tó ń dènà, ní NFL fún ogún sáà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2012, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní CTE, àìsàn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ ìforígbárí léraléra. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti ìsinsìnyí pé tí orí bá ń yí i, kó jáde kúrò ní pápá, kó sì sọ ọ́, bí kóòṣì tilẹ̀ ń bínú.

Nínú yunifásítì mẹ́ta yẹn, ẹ má kọ́kọ́ wo èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún. Ẹ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn ní àkọsílẹ̀: tó bá fara pa, ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà á dúró? Tó bá lọ sí NFL lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ta ni yóò san owó ọdún tó kù tó bá fẹ́ padà wá? Ìdánrawò kò ní dí iṣẹ́ tó fẹ́ kà lọ́wọ́? Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po lórí ìbéèrè kejì, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ọmọ náà má tọwọ́ bọ̀wé kankan tí agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín wá kò bá tíì kà.