Kò kú, ó ń sùn ni

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Gloriosa, ìtàkùn olódòdó tí ẹ gbìn sábẹ́ igi obì ti gbẹ pátápátá láti oṣù kọkànlá, ẹ sì fẹ́ wa á dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa á. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe lórí tèmi rí, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Igbó ẹ̀yìn oko bàbá mi ni mo ti mú tèmi, torí ìtàkùn ilẹ̀ wa ni. Ó tanná lásìkò òjò: ewé òdòdó mẹ́fà tó ká sókè bí ahọ́n iná, pupa lókè, ìyeyè nísàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ewé rẹ̀ pọ́n, ó rọ. Mo ṣe bí òùngbẹ ni, mo ń bomi rin ín láràárọ̀. Lóṣù kejì mo wa ilẹ̀ wò: iṣu rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn.

Ta ló ń sunkún pé ewé iṣu gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn? Bí ebu ṣe ń jẹrà tí iṣu tuntun ń rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti Gloriosa náà lọ́dọọdún. Ẹ má fún un lómi títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.

Àmọ́ ẹ má gé iṣu Gloriosa bí ebu o. Ó rí bí ìka méjì tó so pọ̀ nídìí, ṣóńṣó ìka nìkan ló sì ti ń hù. Márùn-ún ni mo gé, mẹ́rin kò hù rárá. Dídùbúlẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín, kí omi má dúró níbẹ̀.

Ibòji obì yẹn pọ̀ díẹ̀. Ìdí Gloriosa fẹ́ ibòji, orí rẹ̀ fẹ́ oòrùn, nítorí náà ẹ rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ obì náà. Ṣóńṣó ewé ló fi ń di nǹkan mú, kò lè di igi ńlá mú. Ẹ gún ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fún un.

Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, iṣu rẹ̀ ló sì burú jù. Oró tí wọ́n ń pè ní colchicine ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ti ṣì í mú fún iṣu jíjẹ, wọ́n kú. Òkúta funfun ni mo fi yí tèmi ká, kí ẹnikẹ́ni má baà wa á nígbà tí kò sí ewé lórí ilẹ̀. Ẹ to òkúta yí tiyín ká lónìí, kí ẹ tó gbàgbé ojú ibi tó wà. Tèmi máa ń yọjú lóṣù kẹrin.