Èsì: Ṣé aláìsàn ni ó lẹ̀bi onígbáméjì?
Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí ìkéde ìlera máa sọ fún ẹni tí onígbáméjì mú pé ìwà ọ̀bùn rẹ̀ ni ó fà á. Lójú tèmi, kò tọ́. Kí a rọ ènìyàn pé kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó sì se omi kí ó tó mu ún, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń pọn omi nínú kànga tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ṣáláńgá onílé, tí owó gáàsì ọbẹ̀ pàápàá kò tó o, kí ni a fẹ́ kí ó fi se omi? Ní ọdún 1854, nígbà tí dókítà John Snow fura pé omi ẹ̀rọ Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń tan onígbáméjì kálẹ̀ ní àdúgbò náà, kò bá àwọn tí ń mu ún wí. Àwọn aláṣẹ àdúgbò ni ó lọ bá, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. (Àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, òótọ́ ni.) Ìbáwí tún léwu: ìtìjú lè mú kí aláìsàn fara pamọ́ sílé títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, nígbà tí omi oníyọ̀ àti ṣúgà, bí a bá tètè fún un, ì bá ti gbà á là.