Físà iṣẹ́ ni mo ní: ṣé mo lè dìbò yan olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ní Ìlú Ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, Manchester ni mo ń gbé, físà iṣẹ́ ni mo sì fi wà níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun wà lára àwọn tó dìbò fún Kemi Badenoch nígbà tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative, bẹ́ẹ̀ òun náà ò ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ó lè jẹ́ òótọ́? Bí èmi náà bá fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ iwájú ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún ṣe James Cleverly tó bá Kemi du ipò náà, tó ń ṣíwájú, tó wá já bọ́ lọ́jọ́ kejì?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín lè má parọ́. Ọ̀rọ̀ inú ilé ẹgbẹ́ ni yíyan olórí, kì í ṣe ìdìbò ìjọba. Ẹgbẹ́ Conservative kì í béèrè ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì kó tó gba èèyàn wọlé. Ọjọ́ tí ẹ wọlé ni kí ẹ máa ṣọ́. Lọ́dún 2024, ẹni tí kò bá tíì pé 90 ọjọ́ nínú ẹgbẹ́ kí ìdìbò tó parí ní 31 oṣù kẹwàá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn Kemi nínú oṣù kẹsàn-án, tó wá sáré lọ forúkọ sílẹ̀, ọjà ti tú kó tó dé. Bó bá wù yín, ẹ má dúró dìgbà tí ipò bá ṣófo.

Àmọ́ o, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ló ń kọ́kọ́ yàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Cleverly wà. Ní 4 oṣù keje 2024, ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi gidigidi: aṣòfin 365 tí wọ́n ní lẹ́yìn ìbò 2019 di 121. Rishi Sunak, olórí ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, ní òun ń lọ, ṣùgbọ́n ó di ipò mú de arọ́pò rẹ̀ títí di oṣù kọkànlá. Ẹgbẹ́ tí kò sí lórí àlééfà, kí ló ń lé e? Lọ́dún 2022 tí wọ́n ṣì ń ṣèjọba, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi rí ẹni rọ́pò Liz Truss, olórí ẹgbẹ́ tó fipò sílẹ̀.

Èèyàn mẹ́fà ló jáde láti du ipò Sunak. Àwọn aṣòfin nìkan ló ń já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀, títí yóò fi ku méjì. Ní 8 oṣù kẹwàá, Cleverly ní ìbò 39, Jenrick 31, Badenoch 30. Tugendhat tó ní 20 lọ sílé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún dìbò: Badenoch 42, Jenrick 41, Cleverly 37. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìbò 20 wà nílẹ̀ tí kò ní olówó, síbẹ̀ dípò kí ti Cleverly lé, méjì ló jò nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé àwọn kan lẹ́yìn rẹ̀ yá ẹlòmíràn ní ìbò, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn yan ẹni tí ọ̀gá wọn máa bá jà ní ìparí. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi náà, ṣùgbọ́n ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, ta ló máa jẹ́wọ́? Bí ẹni 3 péré bá kúrò lẹ́yìn Jenrick bọ́ sẹ́yìn Cleverly lọ́jọ́ náà, Cleverly ni ì bá kojú Badenoch.

Nígbà tó fi máa kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 131,680, orúkọ méjì ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ràn Cleverly, kó wá ẹlòmíràn fẹ́. Badenoch, Olúkẹ́mi Adégòkè tí wọ́n bí ní Wimbledon tó sì dàgbà l'Ékòó, ní 53,806. Jenrick ní 41,388.

Ohun kan wà tí ẹ ò béèrè, tó sì ṣe pàtàkì ju káàdì ẹgbẹ́ lọ. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹ̀yin tí ẹ ní físà láti gbé Ìlú Ọba lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin nínú ìdìbò gbogbogbòò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n á ní kí ẹ fi ìwé tó ní fọ́tò yín hàn. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín tó, kódà bí ọjọ́ tí wọ́n fún un bá ti kọjá, bí fọ́tò inú rẹ̀ bá ṣáà ti jọ yín.