Ṣé Mo Lè Gbé Píkáàpù Mi Sókè Díẹ̀ Láìpààrọ̀ Táyà Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ní ọkọ̀ píkáàpù kan tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì fi ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Imú rẹ̀ wálẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, abẹ́ bọ́ńpà iwájú a sì máa kan ilẹ̀ bí mo bá fẹ́ gun ibi tó ga. Mo fẹ́ gbé e sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ṣì dára gan-an, n kò sì fẹ́ pààrọ̀ wọn. Àwọn kan ní bí n kò bá fi táyà ńlá sí i, asán ni mo ń ṣe. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Nígbà tí a bá gbé ọkọ̀ sókè láti ara sípíríǹgì, chassis (férémù irin abẹ́ ọkọ̀), bọ́ńpà àti ara ọkọ̀ ni ó ń gòkè. Axle ẹ̀yìn, irin gbọọrọ tó so táyà méjèèjì ẹ̀yìn pọ̀, kò ní kúrò níbi tó wà, nítorí pé orí táyà ni ó gbára lé. Bí táyà kò bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, differential, ohun roboto tó wà láàárín axle yẹn, kò ní jìnnà sílẹ̀ ju bó ti wà lọ, òkúta tó ń gbá a tẹ́lẹ̀ yóò sì máa gbá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe axle ni ẹ ń ráhùn lé lórí, imú ọkọ̀ ni, imú náà sì ni gbígbé sókè díẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ ò jẹ̀bi rárá bí ẹ bá fi táyà yín sílẹ̀: ohun tó ń ka eré sísá kò ní ṣì í kà, agbára jíà àti búréèkì yóò wà bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ṣètò rẹ̀, táyà àfipamọ́ yín yóò sì ṣì bá àwọn yòókù mu.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ̀ pé imú tó wálẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìdí píkáàpù sókè ni, kí ọkọ̀ lè dọ́gba nígbà tí ẹrù bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé iwájú dé ibi tó ti dọ́gba pátápátá láìsí ẹrù yóò rí i pé imú rẹ̀ ń wo òkè ní ọjọ́ tí ẹrù bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú téèpù, kí ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín gbùngbùn táyà títí dé etí ìbòrí rẹ̀ lókè. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú táyà lè tàn yín jẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n láìsí ẹrù, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù tí ẹ sábà máa ń kó. Fún ẹni tó ń kó ẹrù bíi tiyín, èmi yóò gbé iwájú ní íǹṣì 1½, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 4, n kò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀yìn rárá.

Bí ọkọ̀ yín bá ń lo strut (ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì yí ká) níwájú, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sórí strut ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ strut kò sí ní ìparí apá ìsàlẹ̀ tó di táyà mú, ó súnmọ́ inú ni, nítorí náà irin tó nípọn ní íǹṣì 1 lè gbé ọkọ̀ sókè ní bí íǹṣì 2. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá nípọn irin ni ó ń sọ tàbí ìwọ̀n tí ọkọ̀ yóò fi gòkè. Bí ẹ bá kọjá íǹṣì 2 sí 2½, CV joint (oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì dé táyà) àti ball joint òkè (oríkèé roboto tó wà ní apá òkè tó di táyà mú) yóò máa ṣiṣẹ́ ní igun tí wọn kò ṣe wọ́n fún, ìnáwó apá òkè tuntun yóò sì dé. Bí owó bá wà, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn ni mo fẹ́ràn ju irin pẹlẹbẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí gan-an ni kí ẹ lọ ṣe wheel alignment, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè dúró ní igun tó yẹ. Caster, ìyẹn bí ohun tí táyà iwájú fi ń yí ṣe rọ̀ sẹ́yìn tó, a máa dínkù, sítíárì kò sì ní padà sí àárín bó ti yẹ lẹ́yìn kọ́nà. Toe, ìyẹn bí imú táyà méjèèjì iwájú ṣe kọjú sínú tàbí síta, náà a máa yí, etí táyà tí ẹ ń ṣìkẹ́ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Kí wọ́n tún iná iwájú darí wálẹ̀, kí ó má baà máa wọ ojú àwọn tó ń bọ̀. Bí ẹ bá padà pinnu láti gbé ẹ̀yìn náà, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ọ̀pá tín-ínrín kan so axle mọ́ fáàfù búréèkì. Ọ̀pá yìí ni fáàfù náà fi ń mọ̀ bóyá ẹrù wà lẹ́yìn. Bí chassis bá jìnnà sí axle, fáàfù náà yóò rò pé ọkọ̀ ṣófo, yóò sì dín agbára búréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹrù kún un. Ẹ tún ọ̀pá náà ṣètò, kí ẹ sì lo U-bolt tuntun, bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó so axle mọ́ sípíríǹgì.

ÌBÉÈRÈ: Torsion bar, ọ̀pá irin tó ń lọ́ dípò sípíríǹgì, ni píkáàpù tèmi ń lò níwájú. Mẹkáníìkì mi ní òun kàn máa yí bóòtù rẹ̀ ni, kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè gbà, bí kò bá ju nǹkan bí íǹṣì 1 lọ. Yíyí bóòtù náà kò fi kún ìrìn táyà sókè àti sísàlẹ̀. Ó kàn ń gba èyí tó yẹ kó fi wálẹ̀ nígbà tó bá já sínú kòtò ni. Lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá yí i tán, tí ọkọ̀ ti dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo rọ́bà tó wà lábẹ́ apá òkè. Bí apá náà bá ti fara ti rọ́bà yìí, ó ti yí i jù, kí ó dá a padà títí àlàfo yóò fi hàn láàárín wọn.