Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ni líìsì, ẹ lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín sí nìyí: báǹkì microfinance ìlú yín fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun ní Ìrẹmọ, nílé-Ifẹ̀ níbí. Sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ kan wà lójú títì níbẹ̀ tí oníkòkó kan gbà ní líìsì ọgọ́ta ọdún ní 1976. Oníkòkó náà ti kú, ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé ọdún tó kù fún yín, iye tó pè sì tẹ́ àwọn dáírẹ́kítọ̀ lọ́rùn. Ẹ fẹ́ wó sítọ́ọ̀ náà kí ẹ kọ́ báǹkì sí i. Ṣé kí ẹ san owó?

Ẹ má tíì san án. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nígbà tí báǹkì àdúgbò tiwa gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta kókó.

Líìsì ọgọ́ta ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ní 2036 ló ń parí. Ohun tí ọmọ oníkòkó ní lọ́wọ́ láti tà kò ju ọdún tó kù yẹn lọ. Lọ́jọ́ tó bá pé, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, ohun gbogbo tó bá sì wà lórí rẹ̀ ń bá a lọ: ilé, yàrá ìṣúra, gẹ́éètì, kànga, títí kan ọ̀pá tí ẹ gbé orúkọ báǹkì kọ́. Bí ẹ bá ná ₦60 mílíọ̀nù sórí ilé tó ku ọdún mẹ́wàá, ₦6 mílíọ̀nù ni oníṣirò owó yín yóò máa yọ nínú èrè lọ́dọọdún títí ilé yóò fi di ti onílẹ̀. Báǹkì tó ń yá àwọn ìyá alátà ní ₦50,000 kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí ọmọ oníkòkó dá líìsì àtijọ́ padà fún ẹbí, kí ẹbí sì kọ líìsì tuntun fún báǹkì, lọ́jọ́ kan náà, lórí ìjókòó kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà láti orí àádọ́ta ọdún, kí ẹ sì béèrè fún ẹ̀tọ́ láti tún un gbà nígbà tó bá parí. Ọmọ oníkòkó kò ní pàdánù: owó tí ẹ bá a sọ náà ni ẹ ó san fún un, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí owó ìdápadà, lọ́dọ̀ lọ́yà ni yóò sì wà títí gbogbo ìwé yóò fi pé. Ó ṣeé ṣe kó bínú. Á ní ọ̀rọ̀ òun àti yín kò kan ẹbí kankan. Ó kàn wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ líìsì àtijọ́ ló ní ìpínrọ̀ pé ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda onílẹ̀, pé kò gbọdọ̀ wó ilé tàbí yí i padà, àti pé ohun tí wọ́n gbà á fún nìkan ni kó fi ṣe. Bí ìwé bá sọ pé ibi ìkó-kòkó-sí ni, ẹ kò lè ṣí báǹkì síbẹ̀.

Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ rí ìwé ọ̀hún fúnra rẹ̀. 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ọ̀yọ́, nítorí náà ìwé 1976 tó bá fojú ba ọ́fíìsì ìjọba, Ìbàdàn ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rán lọ́yà lọ síbẹ̀, kó tún yẹ ti Òṣogbo wò. Fọ́tókọ́pì tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ nígbà tiwa mọ́ tónítóní, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ojú ìwé kejì ló ti fò sí ìkẹrin. Ìgbà tí lọ́yà wa rí ẹ̀dà tó wà n'Íbàdàn ni a tó ka ojú ìwé kẹta: àyè ẹ̀yìn ilé, níbi tí a ti ya àwòrán ibi ìgbọ́kọ̀sí sí, kò sí nínú líìsì rárá. Èdìdì pupa ṣì wà lórí ìwé náà, àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀fíyọ̀ ayé ìgbà yẹn fọwọ́ yà sì fi hàn kedere pé ẹ̀yìn ògiri ni ààlà wà. A pe sọ̀fíyọ̀ tiwa kó wá tún ilẹ̀ wọ̀n, kó rí ibi tí bíkìnì àtijọ́, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n fi sàmì ààlà, wà, a sì fi àyè ẹ̀yìn náà kún ohun tí a bá ẹbí sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló gùn jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Òfin kò ṣòro: bí ará ilé kan bá fi ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì ṣe é láìbá àwọn aṣáájú ẹbí yòókù sọ ọ́, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni èyí ti fìdí múlẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí igi ni a fi ń mọ àwọn aṣáájú yẹn: ìyàwó mélòó ni bàbá tó ni ilẹ̀ fẹ́, ta ni àgbà ọmọ nínú ìdí igi kọ̀ọ̀kan? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àwọn obìnrin ti lọ ilé ọkọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ buwọ́ lùwé, ìdí igi mẹ́ta ni olórí ẹbí kọ orúkọ wọn fún lọ́yà. Wọ́n ti tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n ti ṣí páàdì íǹkì fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ka, nígbà tí ìyá àgbà kan wọlé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo àwọn ìyàwó bàbá òun fún òun, ní títò tẹ̀lé ara wọn, bó ṣe fẹ́ wọn. Olórí ẹbí dárúkọ kan, ó dárúkọ èkejì, ó dárúkọ ẹ̀kẹta, ó dákẹ́. Ìyá náà ní, "Ìyá tèmi ńkọ́?" Olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ló ní kí a ká ìwé nílẹ̀. Ó gba àsìkò kí ìdí igi kẹrin tó gbà, wọ́n sì fi kún owó líìsì díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yẹn tó tún ká wa mọ́ ibi iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn dòní. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a ti kọ́lé tán ló wá, kóòtù ni a ò bá ti pàdé.

Ẹ tún wo rìsíìtì tí ẹbí ń fún oníkòkó lọ́dọọdún. Bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tí àṣà ní kí ẹni tó ń lo ilẹ̀ máa san fún onílẹ̀, ẹ béèrè ìdí. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lábẹ́ àṣà kò ní ọjọ́ ìparí, níwọ̀n ìgbà tó bá ń san án tí kò sì sẹ́ onílẹ̀. Líìsì ní ọjọ́ ìparí. Bí àwọn ọmọ oníkòkó bá gbà lọ́kàn pé ìṣákọ́lẹ̀ ni bàbá wọn ń san, ọ̀kan nínú wọn lè yọjú lẹ́yìn ọ̀la pé ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn. Kí gbogbo ọmọ tó jogún oníkòkó buwọ́ lu ìdápadà, kí ó má jẹ́ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ nìkan. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tuntun pé owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó èyíkéyìí tí àwọn ọ̀dọ́ ilé lè wá béèrè ti wà nínú iye tí ẹ san.

Ìyọ̀ǹda gómìnà ló kàn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sọ ọ́ ní abala 22 pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe títà, líìsì tàbí fífi dúró fún gbèsè, láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 26 sì ní òfo ni ohun tí wọ́n bá ṣe láìtẹ̀lé e. Àwọn kan á sọ fún yín pé ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé sí nígboro kí òfin náà tó dé kò sí lábẹ́ èyí. Ó wà lábẹ́ rẹ̀. Báǹkì ló tilẹ̀ jìyà ẹ̀kọ́ náà: nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìwé tí wọ́n fi ilé dúró lọ́dọ̀ báǹkì náà nítorí kò sí ìyọ̀ǹda gómìnà, ẹni tó fi ilé dúró gan-an ló sì gbé ẹjọ́ náà lọ. Ẹ fi owó ìyọ̀ǹda, owó òǹtẹ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀ sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn dáírẹ́kítọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. CBN, báǹkì àpapọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso gbogbo báǹkì, kò gba báǹkì microfinance láàyè láti fi ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn onípìn-ín, èyí tí àdánù kò tíì jẹ, sínú dúkìá bí ilé, ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti àga. Bí owó àwọn onípìn-ín yín bá jẹ́ ₦200 mílíọ̀nù, ₦40 mílíọ̀nù ni òpin rẹ̀, ohun tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ₦50 mílíọ̀nù, ₦10 mílíọ̀nù péré ni. Ilé alájà tí ayàwòrán-ilé yà fún yín lè ti kọjá rẹ̀ kí ẹ tó fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀. Àwa kọ́kọ́ ta ìpín sí i fún àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, lẹ́yìn náà a kọ́ ilé ilẹ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè gbé àjà tó bá yá. Òfin báǹkì ti 2020 náà sì wà nílẹ̀: ẹ kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀ka láìgba àṣẹ CBN ṣáájú. Ẹ ní ìwé yẹn lọ́wọ́ kí ẹ tó wó ohunkóhun.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ìwólé àti ìkọ́lé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri aládùúgbò kí katakata tó dé, nítorí gbogbo sísán tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ yóò di tiyín. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé tó sún mọ́ títì jù. Ẹ wá ṣáláńgá àtijọ́ rí; ọ̀pọ̀ sítọ́ọ̀ ayé ìgbà yẹn ló ní in lẹ́yìnkùnlé, kò sì yẹ kí yàrá ìṣúra jókòó lé e.

Èyí tó jẹ́ ti Ifẹ̀ nìkan ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ni wọ́n ti bá àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ Ifẹ̀ mọ́ lónìí. Níbi tí àwọn lébìrà ti ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé ní Ìta Yemòó ní 1957 ni wọ́n tún ti bá òmíràn. Nínú kòtò ìpìlẹ̀ tiwa, ṣọ́bìrì dún bí ẹni pé ó kan òkúta. Nígbà tí bíríkìlà fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò, àfọ́kù ìkòkò ni: wọ́n tò wọ́n ní ìbú, etí sókè, wọ́n sún mọ́ra pinpin bí egungun ẹja, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dà sósì. Irú ilẹ̀ títẹ́ tí àwọn àgbà wa sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ní kí wọ́n fi tẹ́ gbogbo ìlú. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ara mi bù máṣọ.

A dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 ní kí ẹni tó bá rí irú rẹ̀ fi tó àjọ mùsíọ́mù létí láàárín ọjọ́ 7, mùsíọ́mù Ifẹ̀ kò sì jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ààfin ní Ẹnuwá ló wà. Wọ́n wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yà á ní fọ́tò. Ẹnjiníà wa sún yàrá ìṣúra lọ sí igun kejì, ó sì fi kọnkéré gba orí ibẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ohun tó gbà wá ni pé a ti kọ ọ́ sínú ìwé agbaṣẹ́ṣe iye tí a ó san bí iṣẹ́ bá dúró nítorí irú èyí, ìyẹn ni kò jẹ́ kó di ìjà. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítòsí Ìrẹmọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ lò ó.

Bí lọ́yà bá ti mú ẹ̀dà ti Ìbàdàn dé, ẹ fi ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa wíwó ilé àti gbígbé e fún ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí mi, ẹ pa orúkọ àwọn èèyàn rẹ́. Màá sọ bí a ṣe tún tiwa kọ fún yín.