Irinṣẹ́ wo la máa kọ́kọ́ rà sílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá káfíńtà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé wa ní Àkóbọ̀, n'Íbàdàn, ilé náà ò tíì parí tán, koríko sì ti gba ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi fẹ́ ra àpótí irinṣẹ́ kan tí wọ́n ní nǹkan inú ẹ̀ lé ní 100. Ṣé kí wọ́n rà á àbí ká máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú oríire ilé o, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ bá mi sọ fún dádì wọn kí wọ́n rọra, àpótí yẹn dáa lójú lóòótọ́ àmọ́ ẹ lè má lò ju mẹ́jọ lọ nínú gbogbo ẹ̀ láàárín ọdún kan, irin ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń rọ̀, ẹ fi súkúrúdíráfà ẹ̀ tú súkúrúù tó ti dípẹtà ẹ̀ẹ̀mejì péré, ẹnu ẹ̀ á ti yí. Ẹ rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ ra ojúlówó.

Hámà ló ṣáájú, eléyìí tó ní ìka méjì lẹ́yìn tí wọ́n fi ń fa ìṣó yọ, kí orí ẹ̀ wúwo tó 450 gíráàmù. Kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ di igi ẹ̀ mú kẹ́ẹ jù ú síwá sẹ́yìn, tórí ẹ̀ bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ dá a padà fún wọn. Wọ́n lè ní kẹ́ẹ lọ rẹ ẹ́ sómi, òótọ́ ni pé igi á wú, àmọ́ tó bá gbẹ tán á tún máa mì, orí hámà tó bá sì fò yọ ò mọ ẹni tó ra òun. Tẹ́ẹ bá ń kan ìṣó sétí pákó tí pákó ń là, ẹ dorí ìṣó kodò, kẹ́ẹ rọra gbá ẹnu ṣóńṣó ẹ̀ kó kú díẹ̀. Ẹnu tó mú ló ń la pákó bí àáké. Ti ìṣó kọnkéré yàtọ̀ o, ìyẹn kì í tẹ̀, ṣe ló ń ṣẹ́ táá sì ta síni lójú, ẹ wá gíláàsì wọ̀.

Téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, 5 mítà ti tó. Irin kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ máa ń mì, kò bàjẹ́ o! Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo fi hámà gbá tèmi pọ̀ kó má mì mọ́, mo lérò pé mò ń tún un ṣe ni, ọ̀gá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi lọ sílé. Bí irin yẹn ṣe nípọn tó ló yẹ kó máa mì tó, tẹ́ẹ bá fi kọ́ etí pákó á fà síta, tẹ́ẹ bá fi ti ògiri á wọnú, kí òǹkà lè pé níbi méjèèjì.

Súkúrúdíráfà méjì, pùláyà kan, sípánà tó ṣeé fẹ̀ ṣeé sún kan. Ẹ ra tírédì téèpù náà, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wé mọ́ ẹnu páìpù, fún ẹ̀rọ omi tó ń jò, ẹ ti omi pa kẹ́ẹ tó tú ẹ̀rọ náà, kẹ́ẹ kọjú ẹnu páìpù sí ara yín kẹ́ẹ wá wé téèpù yẹn mọ́ ọn bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Iná ńkọ́? Ẹ pe oníná jọ̀ọ́.

Fún ẹ̀yìnkùlé, àdá, ọkọ́ àti fáìlì. Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì mọ́tò rọ ni kẹ́ẹ wá, ìyẹn ò ní tẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Tẹ́ẹ bá ń pọ́n àdá, àlọ nìkan ni fáìlì ń jẹ irin, ẹ gbé e sókè tẹ́ẹ bá ń fà á bọ̀, èyí táwọn èèyàn ń fà síwá sẹ́yìn wìkìwìkì yẹn, fáìlì ni wọ́n ń pa. Ṣọ́bìrì àti báró, ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé ládùúgbò.

Ayùn ńkọ́? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná, wọ́n á bá yín gé pákó bẹ́ẹ ṣe fẹ́ ẹ ní sọ́míìlì, ẹ ṣáà ti fi téèpù wọn ibi tẹ́ẹ fẹ́ lò ó sí kẹ́ẹ tó kúrò nílé.